Òwú Gbàǹjo: Nígbà Tí Ọ̀pọ̀ Bá Di Ẹrù Lọ́wọ́ Ahunṣọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọkàn ahunṣọ ti rọ̀ jù lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ pè sí i létí: gbàǹjo. Ẹni tó ti pinnu láàárọ̀ pé òun kò ní ná kọ́bọ̀ lórí òwú ní oṣù yìí yóò dúró, yóò yíjú padà, yóò sì béèrè pé èló ni wọ́n ń tà á. Kò ní iṣẹ́ kankan nílẹ̀ tí yóò fi òwú náà ṣe. Kò tilẹ̀ fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n pè é kéré, ó sì dà bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Kí ó tó délé, ọ̀rá ti kún, àpò owó ti gbẹ.

Mo mọ ìdánwò yìí dáadáa, nítorí èmi náà ń hun. Àdúgbò Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Fìlà ọmọ tuntun, ìbọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀lù àti súwẹ́tà ìgbà ọyẹ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ mi. Láti ìgbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ni mo ti ń rí i tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń mú abẹ́rẹ́ kíróṣé lọ́wọ́ ń pọ̀ sí i láyìíká mi: akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìyàwó ilé, àgùnbánirọ̀, àní àwọn ọkùnrin pẹ̀lú. Àwọn kan ń fi ṣe ìgbádùn, àwọn kan ń fi san owó ilé. Ohun kan náà ni mo sì máa ń bá lábẹ́ ibùsùn ọ̀pọ̀ wọn: àpò òwú tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ọ̀rọ̀ àpò yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ àkókò sì ni pẹ̀lú.

Òwú Kò Pọ̀ Báyìí Rí

Ìlódè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò àtayébáyé ní Ifẹ̀, pẹ̀lú Ìrẹ̀mọ, Mọ̀ọ́rẹ̀, Òkèrèwè àti Ìlàrè. Ọbalọ́ràn ni oyè olórí ibẹ̀. Ní ayé àwọn ìyá ńlá wa, ó ṣòro kí ènìyàn tó kó òwú tí kò nílò jọ sínú ilé, nítorí láti ọwọ́ ni òwú ti ń wá. Wọn a ká a lóko, wọn a yọ kóró inú rẹ̀, wọn a gbọ̀n ọ́n títí yóò fi fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà ni wọn a fi ìrànwú ran án. Obìnrin ló sábà máa ń ranwú. Obìnrin náà ló sì máa ń jókòó ti òfì tó dúró ṣánṣán, tí yóò máa hun kíjìpá, aṣọ tó nípọn tó sì tọ́jọ́. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí a ń rán pọ̀, èyí tí a mọ̀ sí aṣọ òkè lónìí.

Ọwọ́ tó ń ranwú ń lọ́ra ju ọwọ́ tó ń hunṣọ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ranwú kí ahunṣọ kan tó rí èyí tí yóò tó o. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni òwe ti jáde pé òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọmọ ń ran. À ń pa òwe náà nípa ìwà tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ òbí, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tó wà nínú rẹ̀ nípa òwú fúnra rẹ̀: èyí tí ìyá gbọ̀n ni ọmọ ran. Kò sí èyí tó ṣẹ́kù sábẹ́ ibùsùn.

Ẹ̀rọ ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ranwú. Nígbà tó di ọdún 1941, ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣe okùn àtọwọ́dá kan tí wọ́n sọ ní Orlon. Ní ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè rẹ̀ fún títà. Orlon yìí ni ọ̀kan nínú àwọn àkọ́bí òwú tí a ń pè ní akíríkì, èyí tó kún ọjà wa lónìí. Láti inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó fúyẹ́, ó ń gba àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, kòkòrò kì í jẹ ẹ́, omi kì í bà á jẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti òwú tí a rí lára àgùntàn. Wúùlù tí àwọn onídìrí ń lò, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Brazilian wool, kò jìnnà sí i. Ìdílé kan náà ni wọ́n.

Ohun tí ẹ̀rọ kan ní ilé iṣẹ́ òwú lè ran láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ju èyí tí mo lè hun ní ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ̀rọ ń yára sí i lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn kò yára sí i. Ibẹ̀ ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀: òwú ń sáré, ọwọ́ ń rìn.

Kí Ló Ń Sọ Òwú Di Gbàǹjo?

Kò sí òǹtajà tó máa ń gbé ọjà sílẹ̀ lówó pọ́ọ́kú láìnídìí. Ìdí máa ń wà, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ ọ́n.

Ìdí kìíní ni pé àwọ̀ náà kò tà. Bí àwọn oníbàárà yòókù bá ti wò ó fún oṣù mẹ́fà tí wọ́n sì ń kọjá lọ, ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ẹ fẹ́ hun nǹkan fún náà kọjá lọ.

Ìdí kejì ni àṣẹ́kù, èyí ló sì máa ń dun ahunṣọ jù lọ. Ẹni tó bá ti wo àwọn aláró nídìí adìrẹ rí mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n rì sínú ìkòkò aró láàárọ̀ lè má bá èyí tí wọ́n rì sínú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé iṣẹ́. Gbogbo òwú tí wọ́n bá pa láró lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà kan, wọn a sì tẹ nọ́ńbà yìí sára ìwé pélébé tó wà lára ìṣù òwú. Àwọ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà lórúkọ, ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, ìyàtọ̀ yóò hàn lára aṣọ. Lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù, ẹ kò ní rí i. Nígbà tí ẹni tó wọ súwẹ́tà náà bá jáde sínú oòrùn, ilà kan yóò là á láàárín bí ẹni pé ènìyàn méjì ló hun ún. Ìṣù méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, tí nọ́ńbà wọn kò bára mu: irú wọn ló sábà máa ń kún inú agbọ̀n gbàǹjo.

Ìdí kẹta ni òwú tí kò ní ìwé lára mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ irú èyí tó jẹ́, bí ó ti gùn tó, tàbí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́. Ìdí kẹrin ni èyí tí omi ti kàn, tí eku ti fẹnu kàn, tàbí tí ó kún fún kókó.

Nínú gbogbo èyí, òǹtajà kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Òótọ́ ni pé ọjà náà dínwó, ohun tó mú un dínwó náà sì jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá ti sanwó tán, ohun tó ti ń da òǹtajà láàmú láti ọjọ́ yìí wá ni ẹ gbé lọ sílé yín.

Àpò Mẹ́rin, Fìlà Ọgbọ̀n

Àbúrò kan wà ní àdúgbò wa tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ó ń hun ṣọ́ọ̀lù àti fìlà fún àwọn ọmọ tuntun, orí WhatsApp ló sì ti ń tà wọ́n. Kò sí ìgbà tó lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó tí kì í gbé ọ̀rá òwú kan bọ̀. Nígbà tó yá, òwú rẹ̀ kún àpò ìrẹsì mẹ́rin, ó tò wọ́n sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì máa ń fi yangàn fún wa pé ṣọ́ọ̀bù ni yàrá òun.

Ní ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan ránṣẹ́ sí i. Wọ́n fẹ́ fìlà ọgbọ̀n fún ayẹyẹ wọn, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé kan náà. Inú rẹ̀ dùn. Ó da àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọ̀ ewé. Oríṣi méje ló rí. Kò sí ìkankan nínú oríṣi méje náà tó lè ṣe ju fìlà mẹ́jọ lọ. Bí a bá fi 50 gíráàmù ṣírò fìlà àgbàlagbà kan, fìlà ọgbọ̀n yóò gba 1,500 gíráàmù, èyí tí í ṣe ìṣù òwú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 gíráàmù, tí gbogbo wọn sì ní nọ́ńbà aró kan náà. Kò ní in.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, "òwú kún yàrá mi, mi ò sì ní òwú."

Owó ilé tó ti ń tọ́jú ló fi ra òwú mìíràn ní iye ọjà, nítorí kò fẹ́ kí iṣẹ́ náà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ṣe fìlà náà, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó san owó rẹ̀ tán, onílé ti kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Àpò mẹ́rin ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan náà tí onílé ń kàn. Owó ilé ti tó sínú wọn, bóyá ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n onílé kì í gba òwú.

"Ṣé Kì Í Ṣe Ọgbọ́n Láti Rà Á Kí Ó Tó Wọ́n?"

Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí dé ibí, ìbéèrè kan ni àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń bi mí, ìbéèrè náà sì mọ́gbọ́n dání. Òwú tí à ń lò, ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n jọ̀wọ́ náírà fún ọjà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ní iye ìjọba ti kọjá 1,500 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́n gógó ọjà jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ta ni yóò rí ọjà tó dínwó tí yóò fi í sílẹ̀? Ṣé kò dára kí owó ẹni di òwú ju kí ó máa yọ́ dànù ní báńkì?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ìṣù òwú kan jẹ́ 2,000 náírà, ẹ wá rí i ní gbàǹjo ní 1,400. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ kan nílẹ̀ tí yóò gba ìṣù mẹ́wàá, tí ẹ sì ra mẹ́wàá, ẹ ti jèrè 6,000 náírà. Bí òwú bá wọ́n lọ́la, kò kàn yín. Ọgbọ́n nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá yín wí.

Ṣùgbọ́n ká ní àádọ́ta ni ẹ rà nítorí pé ó dínwó. 70,000 náírà ni ẹ san. Nígbà tí ọdún fi parí, mẹ́wàá péré ni ẹ hun. Bí ẹ bá ra mẹ́wàá yẹn ní iye ọjà, láìsí ẹ̀dínwó kankan, 20,000 náírà ni ì bá ná yín. 50,000 tó kù ì bá wà lọ́wọ́ yín fún owó ilé, fún oògùn, tàbí fún òwú tí oníbàárà béèrè gan-an. Ẹ̀dínwó tí ẹ gbà ló sọ ìnáwó 20,000 di 70,000.

Ẹ má ṣe fi òwú wé àgbàdo tàbí ìrẹsì. Ẹni tó kó àgbàdo pamọ́ lè tà á nígbà tó bá wọ́n, nítorí gbogbo ènìyàn ń jẹ àgbàdo, kóró kan kò sì yàtọ̀ sí èkejì. Ta ni yóò ra ìṣù mẹ́ta aláwọ̀ ọsàn tí nọ́ńbà wọn kò bára mu lọ́wọ́ yín? Ìṣù tí iṣẹ́ ń dúró dè ni ó lè pa owó yín mọ́. Èyí tí kò ní iṣẹ́, ó ti gba owó náà mì ni.

Wákàtí Tí A Kì Í Kà

Yàtọ̀ sí náírà, òwú ní owó mìíràn lórí tí òǹtajà kì í pè fún wa. Ìyẹn ni àkókò.

Ìṣù akíríkì 100 gíráàmù tí kò nípọn jù máa ń gùn tó nǹkan bí 290 mítà. Ní ọwọ́ tèmi, tí mi kì í yára jù tí mi kì í sì í lọ́ra jù, ó máa ń gbà mí ní wákàtí mẹ́jọ kí n tó hun ún tán. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ pé ọgọ́ta ìṣù wà nínú àpò ẹnìkan. Wákàtí 480 nìyẹn. Bí ó bá ń hun fún wákàtí méjì ní alaalẹ́, tí iná wà, tí ara rẹ̀ dá, tí ọmọ kò ké, alẹ́ 240 ni yóò fi hun ún tán. Oṣù mẹ́jọ ni, láì ra ẹyọ kan kún un. Mélòó nínú wa ló ti fi oṣù mẹ́jọ wo òwú gbàǹjo láì rà á?

Àwa nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ọdún 2007 ni tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà, Jessica àti Casey Forbes, dá Ravelry sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ahunṣọ àti oníkíróṣé káàkiri àgbáyé. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ṣe síbẹ̀ ni ààyè tí olúkúlùkù yóò ti kọ gbogbo òwú tó wà nílé rẹ̀ sílẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìṣòro gbogbo ahunṣọ ni. Àwọn ahunṣọ tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ní àwàdà kan tí wọ́n máa ń fi ara wọn ṣe: wọ́n ní àwọn kan ti ra òwú tó pọ̀ ju ọjọ́ tó kù fún wọn láyé lọ. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò ni.

Kí Ni A Ń Rà Gan-an?

Nígbà tí mo bá di ìṣù òwú kan mú lọ́jà, ìṣù kọ́ ni ojú mi ń rí. Súwẹ́tà tó ti parí ni mò ń rí, àti ọmọ tó wọ̀ ọ́ ní àárọ̀ ọyẹ́ tó ń lọ sílé ìwé. Alẹ́ púpọ̀ ni híhun rẹ̀ yóò gbà, pẹ̀lú ọrùn dídùn àti títú tí a ó tú u nígbà tí a bá ṣì í kà. Ríra rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì ń fún wa ní ìtọ́wò ayọ̀ kan náà. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò ráyè hun nǹkan fún oṣù mẹ́ta fi lè ra òwú lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín oṣù mẹ́ta náà. Rírà ti gba ipò híhun. Kì í sì í ṣe lọ́jọ́ kan; díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìdí mìíràn tún wà tí n kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Inú ilé tí wọn kì í ti í da nǹkan nù ni ọ̀pọ̀ wa dàgbà sí. Ọ̀rá búrẹ́dì, ike aisikiríìmù, ìgò, bọ́tìnì ara aṣọ tó ti gbó: ìyá wa ń tọ́jú gbogbo rẹ̀, nítorí wọ́n ti rí ọjọ́ tí kò sí. Ẹni tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ tọ́, tó bá rí òwú tó dínwó, ohùn kan yóò máa sọ fún un pé ó lè má tún sí mọ́. Ohùn ìfẹ́ ni ohùn náà, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé là. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n tọ́jú nígbà náà, wọ́n ń lò ó. Ike aisikiríìmù yẹn ni wọ́n fi ń gbé ọbẹ̀ sínú fíríìjì.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra òwú nítorí ẹwà rẹ̀ o. Bí àwọ̀ kan bá wu yín, tí owó ìgbádùn yín sì ká a, ẹ rà á, kí ẹ gbé e sórí tábìlì kí ẹ máa wò ó. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí ẹni tó ra òdòdó. Ewu wà níbi tí a bá ti ń pe ìgbádùn ní òwò, tí a sì ń fi owó òwò, tàbí owó ilé, ra á.

Kí Ẹ Tó Na Ọwọ́ Sí I

Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi nìwọ̀nyí, mo sì rí i pé wọ́n wúlò fún àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Kí ni yóò dà, ta ni yóò sì wọ̀ ọ́? Bí mi ò bá lè dárúkọ iṣẹ́ náà àti ẹni tó ni ín, a jẹ́ pé mi ò tíì nílò òwú náà.

Ṣé ó tó? Fìlà ọmọ jòjòló kì í gba tó 50 gíráàmù. Súwẹ́tà àgbàlagbà lè gba láti 1,000 dé 1,500 mítà òwú tí kò nípọn jù, èyí tó jẹ́ ìṣù 100 gíráàmù mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tó ra ìṣù méjì nítorí súwẹ́tà kò ra súwẹ́tà.

Ṣé nọ́ńbà aró wọn bára mu? Ẹ wò ó lára ìwé rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé, ẹ gbé e jáde síta kí ẹ fi ojú oòrùn wò ó.

Irú òwú wo ni? Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ tọrọ èyí tó gùn tó ìka kan, kí ẹ fi iná kàn án lórí àwo irin nígbà tí ẹ bá délé, pẹ̀lú omi nítòsí. Òwú oko ń jó bí ìwé, eérú rẹ̀ sì rọ̀. Òwú àgùntàn ń rùn bí irun tó jóná, ó sì máa ń kú fúnra rẹ̀ tí ẹ bá gbé e kúrò lórí iná. Akíríkì ń yọ́, yóò sì di kókó dúdú líle. Mímọ èyí ṣe pàtàkì, nítorí áyọ́ọ̀nù gbígbóná lè ba akíríkì jẹ́ pátápátá: yóò nà, yóò rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, kò sì ní padà sí bó ti wà mọ́.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ ni mo fi ń dáhùn rẹ̀. Mo máa ń fi òwú náà sílẹ̀, n ó sì máa rìn lọ sílé ní Ìlódè. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi í ṣe ni mò ń rò lójú ọ̀nà, mo lè padà lọ rà á lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ iye tí wọ́n pè é nìkan ni mò ń rò, ilé ni mò ń lọ.

Èyí Tó Ti Wà Nílé Ńkọ́?

Ẹ má da á nù, ẹ má sì bínú sí ara yín. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, kí ẹ sì kọ àwọ̀ rẹ̀, irú rẹ̀ àti bó ti wúwo tó sínú ìwé kan. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ kì í tún fara pamọ́ fún wa lọ́jà.

Àwọn ìṣù tí kò bára mu, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ síra wọn. Aṣọ ọlọ́nà-ọlọ́nà tí àwọ̀ mẹ́rin tò tẹ̀lé ara wọn kì í fi ìyàtọ̀ aró hàn. Ẹ lè hun ìwọ̀n igun mẹ́rin kéékèèké, kí ẹ wá rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora ọmọ. Ẹ lè fi òwú tín-ín-rín méjì hun pọ̀ bí ẹyọ kan. Èyí tí ẹ mọ̀ pé ẹ kò ní lò láé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ahunṣọ mìíràn, tàbí kí ẹ gbé e lọ fún olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ọwọ̀ tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ni a fi kọ́ bí a ṣe ń hun. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ báyìí kò ní béèrè nọ́ńbà aró.

Èyí tó bá kù, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí. Òjò Ifẹ̀ kì í ṣe kékeré, òwú oko tó bá gba ọ̀rinrin yóò hu èbu, kòkòrò ń jẹ òwú àgùntàn, eku sì fẹ́ràn láti fi òwúkówù ṣe ìtẹ́. Ẹ máa sá a síta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àbúrò tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan méjì. Ó ń fi òwú inú àpò hun aṣọ ìbora aláwọ̀ púpọ̀ fún ọmọ tuntun, àwọn ìyá sì fẹ́ràn rẹ̀. Àpò kan ti tán, èkejì ti dé ìlàjì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ aláwọ̀ kan náà, ó ń gba àsansílẹ̀ kí ó tó lọ ra òwú, ìwọ̀n tí iṣẹ́ náà gbà ló sì ń rà. Ó ṣì ń dúró wo agbọ̀n gbàǹjo. Èmi náà ń dúró wò ó. Kò sí òfin tó ní kí ojú má wo ohun tó dára.

Lálẹ́ òní, ẹ fa àpò yẹn jáde lábẹ́ ibùsùn. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ṣírò wákàtí tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì mú ìṣù kan jáde tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.